Mẹ́séńjà tó gba igbó iwin dé Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ mẹ́séńjà láyé àwọn òyìnbó yóò mọ̀ pé iṣẹ́ à-dúró-dè ni. Gbé fáìlì yìí lọ fún ọ̀gá. Lọ bá mi ra àkàrà wá. Dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ rán an níṣẹ́, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò máa wo aago. Iṣẹ́ yìí ni Amos Tútùọlá rí ṣe l'Ékòó lọ́dún 1948, ní ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹlòmíì ì bá máa sùn lórí bẹ́ǹṣì ọ̀hún. Òun wá bébà, ó mú pẹ́ńsù, ó ń kọ ìtàn iwin.

Ẹ ẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Ìtàn iwin ni mo wí o, kì í ṣe lẹ́tà ìwáṣẹ́.

Ẹ lè ní kí ló kan àwa ará Ìdógò níbẹ̀. Ó kàn wá, jàre. Ojú irin tí àwọn òyìnbó là láti Èkó, ní Ìfọ̀ ló ti pín sí méjì. Ọ̀kan kọrí sí Abẹ́òkúta, ó ń lọ sókè, èkejì yà, ó gba Ìlaròó, ó wá parí síbí n'Ídógò. Wásinmi, abúlé tó wà lẹ́bàá Abẹ́òkúta, tí àwọn òbí Tútùọlá ti ń dáko kòkó, apá ọ̀hún ló wà. Àwọn àgbà wa tó ń kó kòkó àti ẹrù oko wá sí téṣàn níbí láyé ìgbà yẹn, àti àwọn tó ń kó tiwọn wá sí téṣàn lọ́hùn-ún, irú ayé kan náà ni wọ́n jọ jẹ. Àlọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń pa lálẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó jókòó gbọ́ àlọ́ náà lọ́hùn-ún ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, tí gbogbo ayé fi gbọ́.

Ọdún 1920 ni wọ́n bí i. Charles ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, Esther ni ìyá rẹ̀, onígbàgbọ́ ni wọ́n. Owó ilé ìwé kò sí. Nígbà tó wà lọ́mọ kékeré, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ọkùnrin Ìgbò kan, F. O. Monu, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Dípò kí ọkùnrin náà máa san owó iṣẹ́ fún un, ó rán an lọ sílé ìwé àwọn Salvation Army. Bí ọmọ náà ṣe dẹni tó mọ̀wé kọ nìyẹn. Lọ́dún 1939, bàbá rẹ̀ kú, ilé ìwé sì parí síbẹ̀. Bí a bá ka gbogbo ọdún tó lò níbẹ̀ pọ̀, kò ju bíi mẹ́fà lọ. Ó gbìyànjú iṣẹ́ oko, kò rọrùn. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfuurufú òyìnbó l'Ékòó láti 1942 títí ogun Hitler fi parí lọ́dún 1945. Nígbà tí ogun parí, iṣẹ́ parí. Ó fẹ́yàwó lọ́dún 1947, ó sì ń wáṣẹ́ kiri kó tó di mẹ́séńjà.

Níbí ni ìtàn ọ̀hún ti dùn. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ, ọ̀rọ̀ ọdẹ kan tó wọ igbó iwin ni. Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́? Kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ òǹtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Focal Press, ó kọ̀wé sí wọn. Kò mọ̀ pé ìwé nípa fọ́tò yíyà nìkan làwọn yẹn ń tẹ̀. Àbí ó tiẹ̀ mọ̀, nítorí ohun tó kọ sí wọn ni pé ṣé wọ́n á fẹ́ fọ́tò àwọn iwin ilẹ̀ Nàìjíríà! Ẹ wo ọgbọ́n. Òyìnbó wo ni yóò gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní í dáhùn? Wọ́n ní kó fi ránṣẹ́. Nígbà tí ẹrù dé, ìwé tó fọwọ́ kọ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fíìmù fọ́tò. Wọ́n fọ fíìmù náà, wọ́n wò ó, àṣé àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà sórí bébà ni wọ́n lọ ya ní fọ́tò. Iwin wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iwin orí bébà ni.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà kò bínú. Ó fún un lówó díẹ̀ nítorí wàhálà tó ṣe, ó kó ìwé náà pamọ́, kò sì tẹ̀ ẹ́. Inú àpótí ni ìwé yẹn wà títí di 1982 kí ilé iṣẹ́ kan l'Amẹ́ríkà tó gbé e jáde. Ẹ bá mi kà á láti bíi 1948. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Èmi gbà pé ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ti jáwọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó rí ìpolówó mìíràn nínú ìwé ìròyìn kan, ti ẹgbẹ́ àwọn onígbàgbọ́ tó ń tẹ ìwé ẹ̀sìn, United Society for Christian Literature. Ó ti kọ ìwé kejì nígbà náà, ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí kan tó ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú lọ sílùú àwọn òkú. Ìtàn ọ̀mùtí, ó wá fi ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ẹ̀sìn! Àwọn yẹn ní àwọn kì í tẹ irú èyí, àmọ́ wọn kò sọ ọ́ nù. Wọ́n bá a fi ránṣẹ́ sí Faber and Faber, níbi tí akéwì T. S. Eliot ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá. Lọ́dún 1952, ìwé náà jáde. The Palm-Wine Drinkard lorúkọ rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún oníròyìn kan nígbà tó yá bí ìtàn náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun lọ kí bàbá arúgbó kan lóko lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá gbé iṣu fún òun pé kí òun sun ún, ó sì bu ẹmu fún òun. Ẹmu wọlé, ìtàn jáde. Ọjọ́ díẹ̀ ló fi kọ ọ́ ní kíkọ àkọ́kọ́, ó wá fi bí oṣù mẹ́ta tún un kọ kó lè gùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ fẹ́ kọ̀wé, oṣù mẹ́ta yẹn ni kí ẹ wò, ẹ má wo ọjọ́ díẹ̀ yẹn. Ẹmu lè fúnni ní ọjọ́ díẹ̀ ọ̀hún. Kò sí ẹmu tó ń fúnni ní oṣù mẹ́ta.

Ẹni tó bá ka ìwé náà yóò rí ojú mẹ́séńjà níbẹ̀ kedere. Nínú àlọ́ tiwa, tí ẹnìkan bá ní ọ̀pẹ, a ó ní ọ̀pẹ rẹ̀ kò lóǹkà. Tútùọlá kà á. Ó ní oko tí bàbá fún ọ̀mùtí náà fẹ̀ tó máìlì mẹ́sàn-án níbùú lóròó, ọ̀pẹ 560,000 ló wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì 150 ni adẹ́mu ń dá láàárọ̀, 75 nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọ inú igi funfun kan, wọ́n ní kí wọ́n ta ikú wọn kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n tà á ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti sísì kan. Ìbẹ̀rù wọn ńkọ́? Wọn kò ta ìyẹn, wọ́n yá a síta, èlé rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ìbẹ̀rù wọn padà, àmọ́ ẹni tó ra ikú ní ọjà tí òun rà, òun ti rà á. Láti ọjọ́ náà, wọn ò lè kú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n.

Ẹni tó ń gbé fáìlì owó kiri láti tábìlì kan dé èkejì ló lè ronú kan irú èyí. Ilé ìwé gíga kọ́ ló ti kọ́ ọ.

Àwọn tó mọ̀wé kà l'Ókè Òkun fò fáyọ̀. Dylan Thomas, akéwì ará Wales, kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Observer ní oṣù keje 1952, ó sì yìn ín gidigidi. Nílé ńkọ́? Nílé, wọ́n bú u. Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ọ̀mọ̀wé níbí fárígá. Wọ́n ní gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára, pé òyìnbó kàn ń fi í rẹ́rìn-ín ni, pé wọ́n fẹ́ kí ayé máa rò pé bí gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nínú ìwé ìròyìn West Africa lọ́dún 1954, ẹnìkan kọ ọ́ síta pé kò yẹ kí wọ́n tẹ ìwé náà rárá. Àwọn mìíràn ní Fágúnwà ló jí wò.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìbínú wọn kò ṣàì nídìí. Wọ́n ń jà fún òmìnira lásìkò yẹn, ojú ń tì wọ́n níwájú òyìnbó, wọ́n fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwa náà gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń bú? Ọmọ tó fi iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ra ilé ìwé. Níbi tiwa níhìn-ín, lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde, ẹlẹ́fẹ̀ lè bú ọba, ó lè bú olówó, ó lè bú obìnrin tó fi ọmọ sílẹ̀, wọn kì í bi í bóyá ó kàwé dé ibì kan. Wọ́n á bi í bóyá orin náà dùn, àti bóyá òótọ́ wà níbẹ̀. Èmi rò pé ìdájọ́ ẹlẹ́fẹ̀ ló tọ́ sí Tútùọlá. Kò sì pẹ́ tí ayé fi gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1977, ní Yunifásítì Ìbàdàn, Chinua Achebe fúnra rẹ̀ fi odindi àsọyé gbèjà ìwé ọ̀mùtí náà.

Ọ̀rọ̀ pé ó jí Fágúnwà wò, ìyẹn gba kí á jókòó lé e lórí díẹ̀. Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí wọ́n bí lọ́dún 1903, tíṣà ni. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó kọ jáde lọ́dún 1938, Tútùọlá sì wà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà náà. Igbó kan náà ni wọ́n wọ̀, ìyẹn dájú. Àmọ́ ta ló ni igbó? Ọmọ tó kú tó tún padà wá, ọmọge tó kọ gbogbo ọkọ títí ó fi tẹ̀lé ọkùnrin arẹwà kan tó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, tó ń dá wọn padà lójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku agbárí nìkan, ṣé Fágúnwà ló ni wọ́n ni? Ìyá àgbà wa ló ni wọ́n. Àwọn méjèèjì sì tún ka ìwé kan náà tó jẹ́ pé àtòkèèrè ló ti wá, ìwé John Bunyan nípa èrò tó ń lọ sí ìlú ọ̀run, èyí tí àwọn onígbàgbọ́ ti yí sí Yorùbá ní ọ̀rúndún tó ṣáájú wọn, tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Bí ẹ bá ti ka ìyẹn, ẹ ti mọ ibi tí ìrìn àjò olójú-ọ̀nà-líle ọ̀hún ti wá.

Fágúnwà fi ohun kan sínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ kọ̀wé mọ̀. Ẹni tó ń sọ ìtàn kò sọ pé òun ló mọ̀ ọ́n. Ó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ ni, bàbá àgbà kan wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó ní kó mú ìwé àti kálàmù, kó kọ ohun tí òun fẹ́ sọ, nítorí òun kò fẹ́ kí ó bá òun wọ sàréè. Bó ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń pọ̀ sí i nínú ilé, tí wọ́n wá gbọ́. Òǹkọ̀wé kò ju akọ̀wé fún àgbà lọ níbẹ̀. Tútùọlá náà sọ ohun tó jọ ọ́. Ó ní ohun tó mú òun kọ̀wé ni pé òun rí i pé àwọn ọ̀dọ́ kò ka nǹkan ìbílẹ̀ wa sí mọ́, àti pé bí òun bá kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ọkàn wọn á yí padà. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, àmọ́ Yorùbá ló ń sọ lẹ́nu bó ti ń kọ ọ́. Bí ẹ bá gbọ́ Yorùbá tí ẹ sì kà á, ẹ ó rí i pé gbólóhùn tí wọ́n ní ó wọ́, tiwa ló tọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé télọ̀ kan wà n'Ídógò níbí, mi ò ní í dárúkọ ẹ̀. Mo gbé ṣòkòtò lọ bá a lọ́sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú Iléyá, mo bá ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rin lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ kún. Ojú tì í nígbà tí mo mú ọ̀kan. Ìtàn ọdẹ kan ni, tó ń lé ẹtu lọ nínú igbó ẹnubodè, kò mọ̀gbà tó kọjá. Ó bá àwọn iwin tó wọ aṣọ kọ́sítọ́ọ̀mù lójú ọ̀nà, wọ́n ní kó san owó ẹnubodè. Owó kọ́ ni wọ́n ń gbà. Orúkọ ẹni tí èèyàn mọ̀ ni wọ́n ń gbà. Ọdẹ fún wọn ní orúkọ aládùúgbò rẹ̀, wọ́n ṣí ọ̀nà. Nígbà tó máa padà, wọ́n tún béèrè. Kí ó tó dé ilé, orúkọ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀, ẹnubodè kan sì ṣẹ́kù.

Mo ní, "Kí ló ṣe níbẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì mọ̀. Iléyá ti dé, aṣọ ti pọ̀ jù."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní, "Ẹ bá mi sọ fún un o. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé ìwé. Iwin kì í san owó ilé ìwé."

Ó wá bi mí léèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, pé ṣé Yorùbá lòun ó fi parí ẹ̀ ni, àbí kí òun wá ẹni tó máa bá òun yí i sí gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ yìí le. Ẹni tó bá ní Yorùbá kò lówó lórí ń sọ ohun tó rí. Ìwé Fágúnwà tà nítorí pé ilé ìwé gbà á, àwọn ọmọ ilé ìwé láti ìran dé ìran ló kà á tipátipá, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kà á tìfẹ́tìfẹ́. Bí ilé ìwé kò bá gba ti télọ̀ wa, bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ogún ni yóò rà á. Ti gẹ̀ẹ́sì náà kò sì rọrùn bí wọ́n ṣe ń rò. Tútùọlá gbajúmọ̀ káàkiri ayé, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Lẹ́yìn ìwé ọ̀mùtí, lẹ́yìn èyí tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1954, My Life in the Bush of Ghosts, níbi tí iwin obìnrin kan ti ní tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ (ẹ rántí pé 1959 ni WNTV ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn), lọ́dún 1956 ló lọ di sítókípà ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ n'Íbàdàn. Sítókípà, ẹ̀yin èèyàn wa. Bóyá ni àwọn tó ń wá gba bátìrì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti ń ka ìwé rẹ̀ ní Párí. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló tó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ó tún lọ sílé ìwé alẹ́ láti mú gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gún. Èmi ò mọ̀ bóyá ìyẹn ṣe ìwé rẹ̀ lóore, nítorí èyí tó kọ nígbà tí kò tíì gún ni ayé ṣì ń rántí jù.

Ohun tí mo sọ fún télọ̀ nìyí. Kó fi Yorùbá parí rẹ̀, nítorí Yorùbá ni àwọn iwin kọ́sítọ́ọ̀mù yẹn ń sọ, ẹni tó bá ní kí wọ́n sọ gẹ̀ẹ́sì yóò pa wọ́n. Kó parí rẹ̀ ná, kó tó máa ronú ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Kó má sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Aya rẹ̀ ní èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan lòun gbọ́.

Mo tún fi ọ̀rọ̀ Kọ́lá Ògúnmọ́lá kún un. Lọ́dún 1963, òun àti àwọn òṣèré rẹ̀ gba ìwé gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní ó wọ́ yẹn, ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n yí i padà sí Yorùbá, wọ́n fi ìlù àti orin sí i, wọ́n pè é ní Láńkẹ́ Ọ̀mùtí. Àwọn tí kò lè ka The Palm-Wine Drinkard, àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn awakọ̀, wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá gírámà tọ̀nà. Ìtàn tó ti ẹnu bàbá arúgbó lóko jáde, tó lọ Lọ́ńdọ̀nù, padà wá sílé, ó sì tún ń sọ èdè tó mọ̀.

Fágúnwà kò rí ọjọ́ ogbó. Ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1963 yẹn kan náà, omi gbé e lọ níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sọdá odò ní Wuya, lẹ́bàá Bida. Tútùọlá pẹ́ láyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yunifásítì Ifẹ̀ gbà á ní àlejò onímọ̀ lọ́dún 1979, wọ́n pè é lọ sí Iowa l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1983, ó ń kọ̀wé lọ, ìwé rẹ̀ ìkẹyìn nígbà ayé rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1990. Ìbàdàn ló kú sí, lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ọdún 1997. Púpọ̀ nínú bébà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà ní Yunifásítì Texas ní ìlú Austin, wọ́n tò wọ́n sínú àpótí, wọ́n tan ẹ̀rọ amúlé-tutù sí wọn. Ọmọ Wásinmi tó bá fẹ́ rí wọn, yóò gba físà.